Ìrìn-àjò tó sọ Fẹlá di Abàmì Ẹ̀dá

Àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán láàrin àwọn àgbà ọmọ Èkó tó fẹ́ràn orin. Ẹ dé Ìsàlẹ̀ Èkó nírọ̀lẹ́, ẹ yà sí Ẹnu Ọ̀wá níbi tí wọ́n ti ń ṣètùtù ìwúyè fún ọba Èkó, ẹ jókòó ti àwọn tí irun orí wọn ti funfun, kí ẹ sì kàn dárúkọ Fẹlá Aníkúlápó-Kútì. Ọ̀rọ̀ dé nìyẹn. Ẹnì kan á ní Abẹ́òkúta ni ọkùnrin náà ti gbé orin wá. Ẹlòmíràn á ní London ni. Ẹnì kẹta á fi orí rẹ̀ búra pé bí kì í bá ṣe Gánà ni, kò sí ohun tó ń jẹ́ Afrobeat.

Gbogbo wọn ló rí òótọ́ sọ. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti ń tẹ̀ lé Fẹlá láti ìgbà tó ṣì ń kọrin ìfẹ́ mọ̀ pé ìrìn-àjò kan wà tó pín ayé ọkùnrin náà sí méjì. Ìrìn-àjò ọ̀hún ni èyí tó kó ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1969. Bí a bá fi ojú owó wò ó, òfo ni ìrìn-àjò náà já sí. Wọ́n jìyà, wọ́n jẹ gbèsè, iṣẹ́ tí wọ́n ṣèlérí fún wọn kò sì yọjú tó bí wọ́n ti rò. Síbẹ̀, ẹni tó wọ bàálù lọ kọ́ ló wọ bàálù bọ̀. Bí ìyípadà náà ṣe ṣẹlẹ̀, ohun tó fún Fẹlá, àti ohun tó gbà lọ́wọ́ rẹ̀ àti lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ni a fẹ́ sọ lónìí.

Ọmọ ilé orin, ọmọ ilé ìjà

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹwàá, ọdún 1938 ni wọ́n bí Fẹlá sí ìlú Abẹ́òkúta. Ilé tí wọ́n bí i sí kì í ṣe ilé lásán. Bàbá bàbá rẹ̀, Josiah Jesse Ransome-Kútì, jẹ́ àlùfáà Ìjọ Áńgílíkà tó máa ń fi ohùn Yorùbá kọrin ìyìn títí àwọn èèyàn fi ń tẹ̀ lé e wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ọdún 1922, bàbá àgbà yìí dé London, ó sì kọ àwọn orin rẹ̀ sínú àwo níbẹ̀. Ẹ ò rí i pé kí wọ́n tó bí Fẹlá rárá ni ìdílé rẹ̀ ti ń gbé orin Yorùbá gba orí òkun kọjá.

Bàbá Fẹlá, Ẹni-ọ̀wọ̀ Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kútì, ni ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ girama Abẹ́òkúta. Òun ló jẹ́ ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Nàìjíríà, ìyẹn NUT. Ọwọ́ rẹ̀ le, pàṣán kò sì jìnnà sí i. Ọdún 1955 ló kú, nígbà tí Fẹlá kò tíì pé ọmọ ọdún 17.

Ìyá rẹ̀, Olúfúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, ni àwọn àgbà kò lè gbàgbé láéláé. Obìnrin yìí ló kó àwọn ìyá ọlọ́jà Ẹ̀gbá jọ láti tako owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wọn. Wọn kò sinmi títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí ìtẹ́ fún ìgbà díẹ̀ ní ọdún 1949. Àwọn ará Erékùṣù Èkó náà mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC ni, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní gbọ̀ngàn Glover ní Èkó ní ọdún 1944 lábẹ́ Herbert Macaulay. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà rán àwọn aṣojú lọ sí London ní ọdún 1947 láti lọ bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀, òun nìkan ni obìnrin tó wà láàrin wọn.

Ní ọdún 1958, wọ́n fi Fẹlá ránṣẹ́ sí London. Ìrètí ẹbí ni pé iṣẹ́ dókítà ni yóò kọ́, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Olíkóyè àti àbúrò rẹ̀ Bẹ́kọ̀ọ́ ṣe padà kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n orin ló ti wà lọ́kàn tirẹ̀. Kó tó kúrò nílé ló ti máa ń bá ẹgbẹ́ Cool Cats ti Victor Ọláìyá kọrin ní Èkó. Bó ṣe dé London, ilé-ẹ̀kọ́ orin Trinity ló wọ̀. Níbẹ̀ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọn fèrè tọ́rọ́ńpẹ́ẹ̀tì àti bí wọ́n ṣe ń kọ orin sílẹ̀, ibẹ̀ náà ló ti dá ẹgbẹ́ Koola Lobitos sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti fẹ́ Rẹ̀mílẹ́kún Taylor, tó jẹ́ ìyàwó àkọ́fẹ́ rẹ̀.

Orin tí àwọn èèyàn kò rí jó

Ọdún 1963 ni Fẹlá padà dé Èkó. Ó ríṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ redíò NBC ní Ìkòyí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ́fíìsì kò bá a lára mu. Kò pẹ́ tó fi kúrò níbẹ̀, tó sì gbájú mọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tó di alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ pàtàkì nígbà náà ni Tony Allen, onílù kan tí wọ́n bí ní Èkó ní ọdún 1940. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ Tony Allen lórí ìlù dà bíi pé èèyàn mẹ́rin ló ń lu ìlù náà pọ̀. Fẹlá fúnra rẹ̀ gbà pé láìsí ọkùnrin yìí, kò lè sí Afrobeat.

Ayé highlife ni ayé nígbà náà. Bobby Benson wà níbẹ̀, Victor Ọláìyá wà níbẹ̀, Roy Chicago náà ń ṣe tirẹ̀. Àwọn tó ń lọ sóde ijó fẹ́ orin tí wọ́n á fi di ìyàwó wọn mú, tí wọ́n á sì máa yí bírí. Orin Koola Lobitos kò rí bẹ́ẹ̀. Fẹlá fi orin jazz tó kọ́ ní London lú highlife mọ́ra, ó sì le létí ọ̀pọ̀ èèyàn. Àwọn akọrin bíi tirẹ̀ ń yìn ín, ṣùgbọ́n èrò kò wọ́ tẹ̀ lé e.

Bó ṣe ń wá ọ̀nà àbáyọ ni akọrin ọmọ Sierra Leone kan, Geraldo Pino, gbé orin soul dé Èkó. Ńṣe ni gbogbo ìgboro dà rú. Ẹ̀rọ tí Pino fi ń kọrin dára ju ti gbogbo àwọn eléré Èkó lọ, ọkọ̀ rẹ̀ ń dán, àwọn ọ̀dọ́ sì ń sáré tọ̀ ọ́. Fẹlá rí i pé bí òun bá dúró sójú kan, àfàìmọ̀ kí wọ́n má gbàgbé òun. Ó ń lọ sí Gánà léraléra láti ṣeré, Accra ló sì wà ní ọdún 1968 tó fi sọ orin rẹ̀ ní Afrobeat. Ó ti rí orúkọ, ṣùgbọ́n ohun tí orúkọ náà yóò gbé dání ni kò tíì rí. Obìnrin, ọbẹ̀, fàájì, ohun tó ń kọrin lé lórí nìyẹn.

Oṣù mẹ́sàn-án nílùú òyìnbó

Oṣù kẹfà, ọdún 1969 ni Fẹlá kó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ bàálù lọ sí Amẹ́ríkà. Ogun abẹ́lé ṣì ń jà lọ́wọ́ nílé, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún méjì. Ìlérí ńlá ni wọ́n bá lọ. Wọ́n rò pé òde eré á wà láti ìlú dé ìlú, pé dọ́là á máa rọ̀ bí òjò. Nígbà tí wọ́n dé New York, ojú wọn là. Ta ló mọ Koola Lobitos ní Amẹ́ríkà? Ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bá pàdé níbẹ̀ ló jẹ́ pé ohun tí wọ́n mọ̀ nípa Áfíríkà kò ju igbó àti ẹranko tí wọ́n ń rí nínú sinimá lọ.

Wọ́n ń lọ láti ìlú kan dé òmíràn títí wọ́n fi gúnlẹ̀ sí Los Angeles, ní òpin ilẹ̀ Amẹ́ríkà níhà ìwọ̀-oòrùn. Owó ti tán lọ́wọ́ wọn. Físà wọn di wàhálà, nítorí kò fún wọn láyè láti ṣiṣẹ́ bó ṣe wù wọ́n. Àwọn géńdé tí wọ́n fi ìyàwó àti ọmọ sílẹ̀ ní Èkó di ẹni tó ń ronú ohun tí wọ́n máa jẹ lọ́la. Ilé ijó kan ní òpópónà Sunset, èyí tó jẹ́ ti òṣèré sinimá kan, Bernie Hamilton, ni wọ́n ti padà rí ibi tí wọ́n ń ṣeré lálaalẹ́, tí wọ́n sì ń rí owó díẹ̀ fi gbéra.

Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, wọ́n ṣeré níbi àpèjẹ ẹgbẹ́ NAACP, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú. Ibẹ̀ ni Fẹlá ti pàdé ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Sandra Smith, tí ayé wá mọ̀ sí Sandra Izsadore lẹ́yìn náà. Ọmọbìnrin yìí ti ń bá àwọn Black Panther rìn. Ó ti rí bí ọlọ́pàá ṣe ń lu àwọn èèyàn rẹ̀, ó sì ti kàwé lórí ìtàn aláwọ̀ dúdú. Ẹ má gbàgbé pé wọ́n ti yìnbọn pa Malcolm X ní ọdún 1965, wọ́n sì ti pa Martin Luther King ní ọdún 1968. Orí àwọn ọ̀dọ́ gbóná nígbà náà.

Ohun tí Sandra ń retí ni pé ọmọ Áfíríkà yìí yóò kọ́ òun ní ohun tí òun kò mọ̀ nípa orírun òun. Àfi bó ṣe bi Fẹlá léèrè pé kí ni ìtumọ̀ orin kan tó ń kọ, tí Fẹlá sì ní ọbẹ̀ ni òun ń kọrin nípa rẹ̀. Ẹ̀rín ló pa ọmọbìnrin náà. Ó ya á lẹ́nu pé ẹni tó ní ẹ̀bùn tó tó báyìí lè máa fi í kọrin ọbẹ̀ nígbà tí ayé ń jó. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Fẹlá lára. Sandra gbé ìwé ìtàn ìgbésí ayé Malcolm X fún un, ó kà á tán, kò sì lè sùn bó ṣe ń sùn tẹ́lẹ̀ mọ́. Ọmọ obìnrin tó lé Aláké kúrò lórí ìtẹ́ ni, síbẹ̀ Los Angeles ló ti wá mọ̀ pé ìjà tí ìyá òun ń jà láti ọjọ́ yìí, ìjà gbogbo aláwọ̀ dúdú ni.

Ìyípadà náà kò ṣẹlẹ̀ lóòjọ́. Nínú àwọn orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní Los Angeles, a ṣì rí Viva Nigeria, tí Fẹlá fi ń rọ àwọn ará ilé pé kí wọ́n má pínyà. Ṣùgbọ́n orin kan wà níbẹ̀, My Lady's Frustration, tó fi Sandra ṣe ìdí rẹ̀. Nínú orin yìí ló ti jọ̀wọ́ àwọn òyìnbó tó ń fara wé, tó jẹ́ kí ìlù Áfíríkà ṣáájú kí fèrè tẹ̀ lé e. Fẹlá sọ lẹ́yìn náà pé alẹ́ tí òun kọ́kọ́ lu orin náà nílé ijó Hamilton ni òun mọ̀ pé òun ti rí ohun tí òun ń wá, nítorí kò sẹ́ni tó lè jókòó. Ó yí orúkọ ẹgbẹ́ náà padà, ó pè é ní Nigeria 70.

Ní oṣù kẹta ọdún 1970, wọ́n padà sílé. Ogun ti parí láti oṣù kìíní. Àpò wọn gbẹ, ṣùgbọ́n orí Fẹlá ti kún.

Èkó gbọ́ ohùn tuntun

Ilé ìtura Kakadu ní Yábàá ni Fẹlá ti bẹ̀rẹ̀ Afro-Spot. Ní ọdún 1971 ni Jẹun Kó Kú jáde, ìlú sì mì tìtì. Kò sí ọtí tí wọ́n ń tà láìsí orin náà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ náà ti di Africa 70. Àwọn ará Erékùṣù ń gba orí afárá Carter kọjá lọ sí òkè odò lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, nígbà tó yá, ó di Ìdí-Òrò níbi tó gbé ojúbọ rẹ̀ kalẹ̀, ìyẹn Shrine. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò padà sílé títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ayé wá ń tọ̀ ọ́ wá sílé. James Brown, tí Fẹlá ti gbọ́ orin rẹ̀ títí ní Amẹ́ríkà, wá sí Nàìjíríà ní ọdún 1970, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ sì lọ wo Fẹlá. Ginger Baker, onílù rock tó jẹ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, wá bá a ṣe àwo ní ọdún 1971. Paul McCartney tó wà nínú Beatles tẹ́lẹ̀ wá gba orin sílẹ̀ ní Àpápá ní ọdún 1973, Fẹlá sì fẹ̀sùn kàn án pé ó wá jí orin Áfíríkà. Ìgbà tí McCartney gbé orin tó kọ fún un gbọ́ ni ọkàn rẹ̀ tó balẹ̀. Ẹ wo bí nǹkan ṣe yí padà: ní 1969, òun ló ń wá ẹni tó máa gbọ́ tirẹ̀ ní ilẹ̀ wọn.

Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ mọ àṣà kan mọ́ ọn tó ṣàjèjì. Bí orin bá ti wọ inú àwo, Fẹlá kì í kọ ọ́ lójú agbo mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ, kó lọ ra àwo. Tuntun ni yóò gbọ́ ní Shrine, orin tó lè gba ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pẹ̀lú àwàdà àti èébú ìjọba láàrin. Ìdí nìyẹn tí àgbà kan á fi sọ fún yín pé òun ti mọ Zombie kó tó di àwo. Kì í ṣe pé ó ń ṣe fọ́rífọ́rí, bó ṣe rí gan-an nìyẹn.

Ohun tí orin gbà lọ́wọ́ rẹ̀

Orin ọbẹ̀ kì í mú ọlọ́pàá wá sílé èèyàn. Orin tí Fẹlá mú bọ̀ láti Amẹ́ríkà mú wọn wá. Láti ọdún 1974 ni wọ́n ti ń ya wọ ilé rẹ̀, wọ́n sì tì í mọ́ Alágbọn ní Ìkòyí. Ó jáde, ó fi orúkọ ibẹ̀ kọrin. Ó yọ Ransome kúrò nínú orúkọ rẹ̀, ó fi Aníkúlápó rọ́pò rẹ̀. Ó pe ilé rẹ̀ ní Kalakuta, ó sì kéde pé orílẹ̀-èdè ni. Ní 1976 ó gbé Zombie jáde, ó fi àwọn ṣọ́jà ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọn kì í ronú àfi bí wọ́n bá pàṣẹ fún wọn.

Ní ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kejì, ọdún 1977, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ṣọ́jà yí Kalakuta ká. Wọ́n lu gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀, wọ́n fìyà jẹ àwọn ọmọbìnrin tó ń gbébẹ̀, wọ́n sì dáná sun ilé náà. Wọ́n ju ìyá Fẹlá, tó ti lé ní ẹni ọdún 76, láti ojú fèrèsé. Ìyá náà kò gbádùn mọ́ títí ó fi kú ní ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹrin, ọdún 1978. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní ṣọ́jà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ló ṣe é. Ní òpin oṣù kẹsàn-án ọdún 1979, nígbà tí ìjọba ológun ń múra láti gbé agbára sílẹ̀, Fẹlá àti àwọn èèyàn rẹ̀ gbé pósí lọ sí Dodan Barracks ní Ìkòyí. Wọ́n gbé e sílẹ̀ níbẹ̀ fún àwọn aláṣẹ.

Àwọn kan wà títí dòní tó ń dá Fẹlá lẹ́bi. Wọ́n ní bó bá ti kọrin jẹ́jẹ́, ìyá rẹ̀ ì bá ti fọwọ́ rọrí kú. Àwọn mìíràn ní ìyá náà gan-an ló kọ́ ọ ní ìjà. A kò lè parí ẹjọ́ náà níbí. Ohun tó dájú ni pé Fẹlá kò gbàgbé rẹ̀ títí ó fi wọ sàréè.

Igbó wà nínú ìwà rẹ̀ pẹ̀lú, a kò ní bò ó. Ó ń mu igbó ní gbangba, ó gbé obìnrin 27 níyàwó lọ́jọ́ kan ṣoṣo ní oṣù kejì ọdún 1978, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ sì máa ń ráhùn nípa owó. Ìrìn-àjò sí Berlin ní ìparí ọdún 1978 ló fọ́ Africa 70. Àwọn eléré gbọ́ pé Fẹlá fẹ́ fi owó òde náà ṣe òṣèlú, nítorí ó ń gbèrò láti du ipò ààrẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn fi í sílẹ̀ lẹ́yìn náà, Tony Allen náà sì bá wọn lọ. Fẹlá bẹ̀rẹ̀ ẹlòmíràn, ó pè é ní Egypt 80.

Ìrìn-àjò tí kò lè lọ

Láti ọdún 1981 ni Egypt 80 ti ń yí Yúróòpù ká. Wọ́n dé Paris, wọ́n dé Amsterdam. Ní oṣù kẹfà ọdún 1984, wọ́n ṣeré ní Glastonbury, ní pápá ìgbèríko kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbi tí àwọn olólùfẹ́ rock ti máa ń pàgọ́ lọ́dọọdún. Amẹ́ríkà ló kù. Ọdún 15 ti kọjá lẹ́yìn ìyà Los Angeles. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ti mọ orúkọ rẹ̀, wọ́n sì ti ń retí rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1984, Fẹlá dé pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n mú un níbẹ̀. Ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lọ́rùn ni pé ó fẹ́ kó owó òkèèrè, 1,600 pọ́ùn, jáde láìtẹ̀lé òfin. Ìjọba Buhari àti Idiagbon ló wà lórí àga. Fẹlá ní òun kéde owó náà, pé oúnjẹ àwọn èèyàn òun lọ́nà ni. Ní oṣù kọkànlá, wọ́n rán an lẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún. Láti ọgbà ẹ̀wọ̀n kan dé òmíràn ni wọ́n ń gbé e kiri, títí dé Maiduguri.

Fẹ́mi ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún 22, ló kó ẹgbẹ́ náà sọ́wọ́. Àwo Army of Arrangement, tí bàbá kò tíì parí, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Bill Laswell ló tún un ṣe nígbà tí ẹni tó ni ín wà nínú túbú. Nígbà tí Fẹlá gbọ́ ọ, ó bà á nínú jẹ́. Àjọ Amnesty International ń pariwo orúkọ rẹ̀ káàkiri ayé pé ẹlẹ́wọ̀n nítorí èrò ọkàn ni. Ìjọba yí padà lọ́dún 1985, ní oṣù kẹrin ọdún 1986 ni wọ́n sì tó tú u sílẹ̀ lẹ́yìn 20 oṣù.

Amẹ́ríkà lẹ́ẹ̀kejì

Kò tíì pé oṣù méjì tí Fẹlá jáde tó fi yọ sí orí ìtàgé ní pápá ìṣeré Giants nítòsí New York, ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹfà, ọdún 1986. Eré tí Amnesty ṣètò ni. U2 wà níbẹ̀, Police wà níbẹ̀, Miles Davis náà wà níbẹ̀. Ìgbà tí ọdún náà ń lọ sópin ló wá kó odidi Egypt 80 lọ, ó sì fi ẹsẹ̀ tẹ àwọn ìlú tí kò rí ojúure rẹ̀ ní 1969.

Alẹ́ ọjọ́ keje, oṣù kọkànlá, ní gbọ̀ngàn Fox ní Detroit, wà nínú àwo tó jáde ní ọdún 2012. Ẹ jẹ́ ká wò ó: orin mẹ́rin péré ni wọ́n kọ, síbẹ̀ ó lé ní wákàtí méjì. Lára rẹ̀ ni Teacher Don't Teach Me Nonsense àti Beasts of No Nation, èyí tí kò tíì di àwo nígbà náà. Ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì kó lè gbọ́ Zombie kò gbọ́ ọ. Dípò rẹ̀, ó gbọ́ bí ẹlẹ́wọ̀n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ṣe ń ro ẹjọ́ àwọn aláṣẹ ayé. Àwọn fèrè tò lẹ́yìn rẹ̀, àwọn obìnrin rẹ̀ ń gbè é, ó ń ti orí dùùrù bọ́ sídìí saxophone. Àwọn olólùfẹ́ tó rí i lọ́dún náà kò yé sọ nípa rẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò rí ẹni tó lè fi orin mẹ́rin kó èèyàn lọ́kàn bẹ́ẹ̀ rí.

Ohun tó yẹ ká kíyè sí ni pé ní 1969, ó lọ fara wé wọn, wọn kò sì rí i. Ní 1986, ó lọ bí ọmọ Èkó, pídgín ló ń sọ, Yorùbá ló ń pe ìlù rẹ̀, ìjà ilé rẹ̀ ló ń rò, wọ́n sì dúró gbọ́ ọ títí dé òpin.

Ọjọ́ tí Oníkan kún

Ọjọ́ kejì, oṣù kẹjọ, ọdún 1997 ni Fẹlá kú, ẹni ọdún 58. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kútì, tó ti ṣe mínísítà ìlera rí, kéde pé àrùn AIDS ló fa ikú náà. Ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ ṣì ń sọ pé irọ́ àwọn òyìnbó ni àrùn yìí. Fẹlá alára kò gbà pé ó wà. Bí Olíkóyè ṣe sọ òótọ́ ní gbangba nípa àbúrò rẹ̀ la ọ̀pọ̀ èèyàn lójú.

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlá oṣù náà, wọ́n tẹ́ ẹ sí gbàgede Tafawa Balewa ní Oníkan, níbi tí wọ́n ti fa àsíá Gẹ̀ẹ́sì wálẹ̀ ní 1960. Láti Ìsàlẹ̀ Èkó, Ìdúmọ̀tà àti Lafiaji ni àwọn èèyàn ti fẹsẹ̀ rìn lọ, àwọn ará òkè odò sì gba orí afárá wá. Wọ́n fojú bù ú pé àwọn tó jáde lé ní mílíọ̀nù kan. Wákàtí púpọ̀ ni wọ́n fi gbé e dé Ìkẹjà. Ọjọ́ kejì ni wọ́n sin ín sí iwájú ilé rẹ̀ ní òpópónà Gbẹ́misọ́lá.

Ilé náà ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé láti ọdún 2012. Àwọn ọmọ rẹ̀, Yẹni àti Fẹ́mi, ti ṣí Shrine tuntun sí Ìkẹjà láti ọdún 2000. Ní ọdún 2009, wọ́n fi ìtàn ayé rẹ̀ ṣe eré orí ìtàgé ní Broadway ní New York. Ní ọdún 2021 tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún gbọ̀ngàn ìrántí àwọn olórin rock nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ipò kejì ló ṣe nínú ìbò àwọn olólùfẹ́, lẹ́yìn Tina Turner. Ìlú tí kò mọ̀ ọ́n ní 1969 kò lè ní òun kò mọ̀ ọ́n mọ́.

Ká wá padà sórí àríyànjiyàn àwọn àgbà. Amẹ́ríkà kò fún Fẹlá ní orin; orin ti wà nílé wọn kí wọ́n tó bí i. Kò fún un ní ìgboyà. Ó wà lára ìyá rẹ̀. Ìbéèrè ló fún un, ìbéèrè tí ọmọbìnrin kan bi í nípa ọbẹ̀: kí lo fẹ́ fi ẹ̀bùn rẹ ṣe? Ìdáhùn tó fún un gbà á ní ilé, ó gbà á ní ìyá, ó sì gbà á ní ogún oṣù lẹ́wọ̀n.

Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Fẹlá náà kọrin tó pè ní Èkó Ilé. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ní àwo náà lórí àjà, ẹ nu eruku rẹ̀ nù, kí ẹ pe àwọn ọmọ-ọmọ yín jókòó. Ẹ sọ fún wọn ibi tí ọkùnrin náà lọ, kí ẹ sì sọ ìdí tó fi padà wá.